Àyà Ọkọ Mi Ń Kọsẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo fi Pọ́bẹ̀, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, sílẹ̀, ìyá mi ò sunkún. Ó di gàrí fún mi, ó di ẹja gbígbẹ, ó gba Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo.

"Èkó lò ń lọ yẹn. Má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bó bá di dandan kí o gba ẹnìkan gbọ́, kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e láyà."

Kì í ṣe àwàdà o. Bí ìyá mi ṣe ń dájọ́ nílé nìyẹn. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, á to àwa ọmọ rẹ̀ márààrún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á wá máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ìwọ lo jẹ ẹ́?" "Èmi kọ́, Màmá." Á dákẹ́, á máa gbọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá sáré, òun ló jẹ ẹran. Kò ṣì í rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ọkọ mi ti ṣáájú mi dé Èkó ní ọdún mẹ́rin. Ó ránṣẹ́ sílé pé Ketu lòun ń gbé. Inú mi dùn. Kétu tí àwa mọ̀ lọ́hùn-ún, ìlú aládé ni, ìlú tó ní odi. Mo dé Ketu ti Èkó, mo bá ìkòríta kan níbi tí wọ́n ti ń pariwo, "Ojota, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Mo bi obìnrin kan pé ààfin dà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Aunty, ẹ rọra wọ bọ́ọ̀sì." Ọkọ mi ò tiẹ̀ gbé ní Ketu. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé, kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, tiwa ni ti etídò lẹ́yìn Owódé Onírin, níbi tí omi ti máa ń wọlé wá kí èèyàn láìkan ilẹ̀kùn. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún mi nìyẹn. Mo fi pamọ́ sínú mi.

Orúkọ gbogbo àgbègbè náà ni Kòsọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ó dáa, ó kéré tán, ẹnìkan ò purọ́ níbí: kò sí ọ̀fẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wa kí a tó wọlé.

*

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu láyé mi. Ṣùgbọ́n kí n tó lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọjà Mile 12, mo ti di Ìyá Kútọnu. "Ìyá Kútọnu, ẹ sọ Faransé díẹ̀ ká gbọ́." Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, Faransé tí mo mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ẹja lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹja tútù ni mo ń ná.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó ń jẹ́ àjèjì. Kì í ṣe ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹni tí wọ́n mọ orúkọ ibi tó ti wá, tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, òun ni àjèjì.

Wọtamẹ́lọ̀nù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwọn Hausa tó ń kó o wá láti òkè ọya ń pè é ní kankana. Àlájì tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ àjèjì lójú; tó bá ti rí mi, á yọ àwọn tó ti rọ̀ lábẹ́ fún mi, á búra pé oyin ni. Oṣù méjì ni mo fi ra omi kíkan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọwọ́ ìyá mi. Wọtamẹ́lọ̀nù kì í fi inú rẹ̀ han ojú. Àfi kí o gbé ọwọ́ kan lé e, kí o fi èkejì gbá a, kí o sì dákẹ́. Èyí tó pọ́n á dáhùn bí àgbà, gbùn-ùn. Èyí tí kò gbó á han bí ọmọdé, kẹ́n-kẹ́n. Èyí tó ti bàjẹ́ á ṣe pọ̀ọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

Láàárín ọdún kan, Àlájì fúnra rẹ̀ ló ń pè mí. "Kútọnu, wá gbá eléyìí fún mi. Ilé mi ni mò ń gbé e lọ." Mo gbá a, mo ní kó fi èyí sílẹ̀, kó gbé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé e. Lọ́jọ́ náà, mo rìn láti Mile 12 délé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

*

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn, sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé àtẹ jáde.

Iṣẹ́ máígádì ni ọkọ mi ń ṣe, ní géètì ẹ̀sítéètì kan ní Ifákọ̀. Ó ní kí n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì lọ́jọ́ Sátidé, pé àwọn olówó ibẹ̀ fẹ́ràn wọtamẹ́lọ̀nù tí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́. Mo jókòó. Kò pẹ́ tí mo fi rí wọn. Wọ́n tó ọgbọ̀n, ọkùnrin, obìnrin, ojú wọn le, wọ́n ń sá bọ̀ sọ́dọ̀ mi láìwẹ̀yìn.

Ohun tí Èkó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé bí o bá rí àwọn èèyàn tó ń sá, má béèrè. Mo da àtẹ nù, mo ká ìró mi sókè, mo bọ́ sáàárín wọn. A sá kọjá ṣọ́ọ̀ṣì kan, a sá kọjá ilé epo. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Aunty, kí ló ń lé wa?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé wa o, Mummy."

"Kí la wá ń sá fún?"

"Sátidé ni."

Mo dúró. Mo wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ kan ti ń jẹ ọjà mi. Mo wá wo iwájú, ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn, tó wọ ṣòkòtò tí kò dé orúnkún, baba Àbẹ̀kẹ́ ni.

Ohun tí mo wá gbọ́ nìyí. Ọ̀gá kan nínú ẹ̀sítéètì náà ló fẹ́ràn eré sísá, ó sì ń bẹ̀rù ajá àti àwọn ọmọ ìta. Ó ní kí máígádì máa bá òun sá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di wákàtí kan, ó di mẹ́ta: láti Ifákọ̀ dé Ojota, láti Ojota gba Ketu dé Mile 12, kí wọ́n tó yí padà. Nígbà tó yá, ọ̀gá kó lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, ó fi eré sí ọkọ mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó fi ajá sílẹ̀ fún aládùúgbò. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ wọn ń pè é ní Ṣámpíọ̀n. Dókítà wà láàárín wọn, lọ́yà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà níbẹ̀, máígádì ló sì ṣáájú wọn.

Àgbà ní èèyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọkọ mi, kí n lè mọ èyí tó jẹ́.

*

Fóònù ò ní àyà. Ohun tó dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló burú jù.

Ọ̀sán Sunday ni ìyá mi máa ń pè. "Ṣé ẹ ń jẹun?" "À ń jẹ, Màmá." "Ṣé kò sí omi nílé yín? Wọ́n ní òjò pọ̀ l'Ékòó." "Omi wo? Ilẹ̀ wa gbẹ bí eruku." Orí tábìlì ni mo jókòó sí, mo ká ẹsẹ̀ sókè, bàtà mi kan ń léfòó kọjá lọ sí yàrá. Àbẹ̀kẹ́ á gba fóònù, á sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé fún mi, èmi á máa sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," títí yóò fi ní òun ń lọ ṣeré. Ọmọ tó ń dàgbà nínú fóònù, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń ga.

Ọdún márùn-ún kọjá báyìí. Mi ò fẹ́ràn eré náà, mi ò sì rí ẹ̀sùn tí mo lè kà sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá wá ni ọkọ mi ṣubú.

Sátidé ni. Ó ti eré dé, ó ní òun fẹ́ fa omi wẹ̀. Mo gbọ́ korobá tó dún. Mo jáde, ó wà nílẹ̀ lẹ́bàá kànga, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Kí n tó pariwo tán, ó ti jókòó. Ó ní oòrùn ni. Àárọ̀ aago mẹ́jọ, ojú ọjọ́ sì ṣú! Mo ní kó fi orúkọ Jésù búra pé kò ní sáré mọ́. Ó búra. Ó fi kánfáàsì tó fi ń sáré kọ́ sórí ìṣó, lókè pátápátá, níbi tí omi ò lè dé. Omi wọlé lóṣù yẹn, àtẹ mi léfòó, Bíbélì wa léfòó, kánfáàsì ò tutù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ mi di ẹni Ọlọ́run. Ní gbogbo ìdájí Wẹ́sìdeè àti Sátidé, ó ń lọ fún àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ó dáa. Mo gòkè, mo yẹ kánfáàsì wò: eruku ti bò ó. Kì í ṣe eré ló ń lọ sá, nígbà náà. Mo pàdé ìyàwó pásítọ̀ lọ́jà, mo ní, "Mummy, ẹ ṣé o, àdúrà yín ti mú ọkọ mi dúró."

Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́? Ẹ̀yìn ìkórè ni a ti rí i mọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ta wọtamẹ́lọ̀nù fún un. Mo tilẹ̀ fi èènì sí i.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sunday tó tẹ̀lé e. A ti jẹun tán, ó sùn sórí ẹní, mo gbé orí lé e láyà. Ọdún pọ̀ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo mọ bí àyà rẹ̀ ṣe máa ń lù. Ó máa ń falẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń gun òkè: gbì... gbì... gbì. Àfi bí mo ṣe gbọ́ gbì, gbì, ó dákẹ́. Kò lù mọ́. Èmi náà ò mí. Lójijì ó sáré, mẹ́ta, mẹ́rin, léra wọn, bí ẹni tó kọsẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò fọwọ́ dì mú. Ó tún lù bó ṣe yẹ. Ó tún kọsẹ̀.

Mo jókòó. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, níbo lo máa ń lọ ní ìdájí?"

Ó la ojú. "Ṣọ́ọ̀ṣì."

Àyà kọsẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

"Tiwa ni."

Àyà sáré, ó dúró, ó tún sáré. Ẹ gbọ́, wọtamẹ́lọ̀nù tí kò bàjẹ́ tó èyí, mi ò ní rà á. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo ní, "Olúwa á gbọ́ àdúrà rẹ." Ó ti mọ obìnrin kan. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé èmi ni mo jẹ ẹran ìyá mi.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ náà. "Ọkọ rẹ ńkọ́?" "Ó wà dáadáa, Màmá. Ó ń gbàdúrà." Bí fóònù bá ní àyà ni!

Nígbà tó di Sátidé, mo jẹ́ kó jáde tán, mo tẹ̀lé e. Ó wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ èyí tó tẹ̀lé e. Ó dé géètì ẹ̀sítéètì, ó wọ inú ilé kékeré tí àwọn máígádì ń jókòó sí, ó jáde pẹ̀lú kánfáàsì tuntun lẹ́sẹ̀. Tuntun! Èyí tó wà lórí ìṣó, ó kàn fi ṣe bojúbojú fún mi ni. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n páàkì. Àwọn yòókù ń na apá, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Obìnrin kan jáde láàárín wọn, ó dúdú, ó rẹwà, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Níta gbangba! Ilẹ̀ ti mọ́!

Mo jáde sí wọn. "Ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀! Ọwọ́ ọkọ ọlọ́kọ ni!"

Obìnrin náà ò fi sílẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè sí mi pé kí n mú sùúrù, ojú rẹ̀ wà lára aago. Mo ti rí obìnrin tó ń gba ọkọ ọlọ́kọ. Mi ò tíì rí èyí tó ní kí ìyàwó ilé dúró kí òun kọ́kọ́ parí.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́," ọkọ mi ń kólòlò, "dókítà ni."

"Dókítà tí ń wo kí ni? Ọwọ́?"

"Ọkàn ni mò ń tọ́jú, Mummy," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má bínú. Ó ti tó Sátidé mẹ́rin tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sí ọsibítù, wọn ò gbà. Ẹ wá, ẹ fi ìka yín síbí." Ó gbé ìka mi sí ọrùn ọwọ́ ọkọ mi. Gbì, gbì, ó dákẹ́. Mẹ́ta sáré kọjá. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo ti ń gbọ́ ọ. Irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́, Mummy. Àìsàn ni, eré àsájù ló fà á."

Mi ò gbà á gbọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Òun alára wọ kánfáàsì. Dókítà tó ń sáré, tó ní eré ń pa ọkọ mi, ó dà bí ẹlẹ́mu tó ń wàásù. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ń sá díẹ̀, mo sì ń sinmi," ó ní. "Ọkàn, ẹran ni, Mummy. Ẹni tó ń rìn, tó ń sáré níwọ̀nba, oore ló ń ṣe fún ọkàn rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé. Ṣùgbọ́n Ṣámpíọ̀n ti ń sá wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo agbára, ọdún lórí ọdún. Ọkàn á tóbi sí i kó lè bá a dọ́gba. Lára àwọn kan, yàrá òkè rẹ̀ á máa nà, á máa nà, títí kò fi ní mọ ìgbà tó yẹ kó lù mọ́."

"Bíi rọ́bà ìdí yẹ̀rì?"

"Ó fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sá yìí náà ló máa ṣe?"

"Rárá o. Ẹlòmíì á sá dọjọ́ ogbó, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí tiwọn bá jẹ́ ohun tí mo rò, ẹ̀jẹ̀ lè dúró sí kọ̀rọ̀ ọkàn, kó dì. Bí èyí tó dì bá gòkè dé ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù kí wọ́n sá eré ńlá tí wọ́n ti ń múra fún láti ọdún tó kọjá. Ẹ bá mi dá wọn dúró."

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Mo rántí kànga. Mo rántí ojú funfun. Obìnrin tí mo wá bá jà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù yẹn dà?"

*

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà bí ẹni tó fẹ́ fa iná lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń pọ ìwé jáde, ìlà orí rẹ̀ rí bí èyí tí Àbẹ̀kẹ́ kọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú. Dókítà àgbà tó wà níbẹ̀ wò ó, ó sọ ohun kan náà tí ti ẹ̀sítéètì sọ. Ó fún un ní oògùn tó ń lò di òní. Ó ní kó máa rìn, kó má sáré títí òun yóò fi rí i pé ọkàn náà ti balẹ̀. Ní ti eré ńlá, kó gbàgbé rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà mẹ́ta, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yàtọ̀. Kò yàtọ̀.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo odò.

"O ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣí géètì fún wọn. Wọ́n á fọn fèrè ọkọ̀, mo ṣí i. Wọn ò mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ kánfáàsì, wọ́n á ní, 'Ṣámpíọ̀n, dúró dè wá.' Ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò."

Èmi tí mo fi wọtamẹ́lọ̀nù kan joyè, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ̀rù ló bà mí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí eré kàn dùn mọ́, ó lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé inú eré ló ti ń jẹ́ èèyàn, ṣé á gbọ́? Lọ́jọ́ tó ṣáájú eré ńlá, kánfáàsì méjèèjì wà lórí ìṣó, èyí àtijọ́ àti tuntun tó ti gbé wálé. Mo jókòó tì í, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà.

"O ò ní sá eré yẹn?"

"Mi ò ní sá a."

Àyà kọsẹ̀.

Mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́."

Ó tún kọsẹ̀.

"Ta ni mí?"

"Ìyàwó mi."

Gbì, gbì, ó dákẹ́, ó sáré. Bó sọ òótọ́, ó ń kọsẹ̀. Bó purọ́, ó ń kọsẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Gbogbo ohun tí mo fi ń ríran ní ìlú yìí, ó parí síbẹ̀.

Mo bọ́ síta, mo pe ìyá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ òótọ́ fún un: ti àìsàn, ti oògùn, ti omi tó ń wọlé. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó ń purọ́?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ rí? Àyà gbogbo yín ló máa ń sáré, ẹ̀rù mi ń bà yín. Ojú yín ni mò ń wò. Ẹni tó jẹ ẹran kì í lè wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló máa ń wò."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Gbà á gbọ́. Bí àwa yòókù ṣe ń ṣe nìyẹn."

Mo padà wọlé. Mo ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, mo gbà ọ́ gbọ́." Ó ní, "O ṣé." Mo gbé oúnjẹ fún un.

*

Nígbà tí mo jí ní ìdájí, kò sí lórí ẹní. Mo gbójú sókè. Ìṣó ṣófo. Kánfáàsì méjèèjì ti lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Mo mọ̀ pé abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 12 ni bọ́ọ̀sì yóò ti kó ẹgbẹ́ wọn lọ síbi eré, aago mẹ́fà àárọ̀. Kò sí ọ̀kadà kankan. Mo ká ìró mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Èmi tí mo ti fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́! Sìlípáàsì mi kan já, mo bọ́ èkejì dànù. Mo sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń pariwo orúkọ rẹ̀, mo ń ṣépè, mo ń gbàdúrà, mi ò mọ èyí tó ń ṣáájú.

Ìgbà tí mo wọ Mile 12, àwọn aláta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọjà. Obìnrin kan rí mi, ó gbé agbọ̀n tòmátò rẹ̀ mọ́ra, ó sá. Èkejì sá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ogún, ọgbọ̀n.

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀, ẹ ṣáà máa sá!"

"Tásíkì fọ́ọ̀sì ti dé o, wọ́n ń kó ọjà!"

Àlájì fúnra rẹ̀ kọjá lára mi, ó gbé wọtamẹ́lọ̀nù méjì sábẹ́ abíyá. "Kútọnu, ọ̀nà ibo ni wọ́n gbà?" Mi ò lè dá a lóhùn. Báyìí ni mo ṣe kó ìdajì ọjà dé abẹ́ afárá.

Mo rí bọ́ọ̀sì. Mo rí Dókítà. Mo rí ọkọ mi láàárín wọn. Kánfáàsì àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ lọ́yà. Ẹni báńkì jókòó sílẹ̀, ó ń so okùn kánfáàsì tuntun. Ọkọ mi dúró tì wọ́n, ó gbé àpò gbogbo wọn kọ́ èjìká, sìlípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo wá kó kánfáàsì fún wọn ni," ó ní. "Bí wọ́n bá ṣì wà lórí ìṣó, wọ́n á máa pè mí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀mí ò jẹ́. Ó sọ àwọn àpò kalẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wà nílẹ̀ lásán, ó wo èrò ọjà tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn mi. Ó wá na ọwọ́, níṣojú gbogbo Mile 12, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi láyà, ó dákẹ́, ó ń gbọ́.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "àyà rẹ ń sáré o. Irọ́ wo lo pa?"

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

"Mo ní mo gbà ọ́ gbọ́," ni mo wí.